Ọbẹ̀ Aáyù Otakar Šmerda

Bí Otakar Šmerda bá sọ fún yín pé òun kì í jowú, ẹ má dá a lóhùn. Owú ti wà nínú ọkùnrin náà látọjọ́ tó ti dáyé. Ẹni tó máa fà á jáde ni kò tètè rí.

Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Žatec, níbi tí oko hópù, òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, ti yí gbogbo ilé po, tí hópù ń gun wáyà lọ sókè bí ewé iṣu ṣe ń gun ọ̀pá. Ní ìrọ̀lẹ́, ilé ọtí igun ọjà lẹ máa ti bá a, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ àfi òun. Bó bá ti ń ti ilẹ̀kùn wọlé ni agbọ́tí ti ń fa bíà rẹ̀. Wọn ò ní béèrè bóyá ó ṣì fẹ́ òmíràn, wọ́n á kàn máa gbé e wá ni, àfi ìgbà tó bá fi bébà abẹ́ ife dé ife náà lórí. Nígbà yẹn ni wọ́n á mọ̀ pé bàbá ti yó.

Ṣé ẹ ti wá rí i pé ọkùnrin tó mu bíà tó bẹ́ẹ̀ á gbà pé kò sẹ́ni tó mọ bíà ju òun lọ. Blanka ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ife kékeré kan lọ́jọ́ Ìsinmi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Otakar fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin wọn sanwó fún ìyá rẹ̀, pé kó máa lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílé ìpọntí ìlú ní gbogbo ọ̀sán Sátidé: bí bíà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò.

Otakar ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ? Wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu ni?"

Blanka ní, "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, màá mọ̀ ọ́n là dáadáa."

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ tó fi pa á lẹ́nu mọ́. Ní Sátidé kejì, Otakar ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun ò fi lọ́fínńdà sára, lọ́fínńdà tí òun fúnra rẹ̀ ń rà fún un ní gbogbo Kérésìmesì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò kun ètè. Nígbà tó yá, kò mu kọfí àárọ̀ mọ́ bó bá ti di Sátidé, obìnrin tí kì í lè la ojú tán bí kò bá tíì mu kọfí! Bó bá sì darí dé, ojú rẹ̀ á máa dán, á máa kọrin wẹ́wẹ́ nídìí omi tó fi ń fọ abọ́. Otakar gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Vilém, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó nídìí ààrò.

Ó ní, "Vilém, obìnrin tó ń lọ sọ́dọ̀ àlè, ṣé kì í kun ètè ni?"

"Á kùn ún ni, kí ló dé?"

"Blanka ò kun tiẹ̀ mọ́."

Vilém fà díẹ̀ nínú bíà rẹ̀, ó nu ìfófó kúrò létè. "Ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ jùyẹn lọ nìyẹn, Ota. Ohun tí wọ́n fi ń kun ètè máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́là ọkùnrin. Ẹni tí ò bá kùn ún ni ò fẹ́ fi ẹ̀rí sílẹ̀."

"Ìwọ náà kú ìlànilọ́yẹ̀."

"Ṣé o ti rí Radim Koutný, ọ̀gá apọntí tó ń kọ́ wọn? Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ó ga, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Irun orí ẹ̀ ṣì pé."

Otakar fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ tó ń dán bí ìdí ìkòkò. Oorun ò kùn ún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ìwọ̀nba èyí tí Otakar sì ní, ọ̀rọ̀ Vilém ti jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń mú ọkà báálì hù láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò tíì jókòó dáadáa tí Radim fi ń ka òfin fún ẹni tuntun. "Ọ̀gbẹ́ni Šmerda, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ níbí kì í fi lọ́fínńdà. Kì í kun ètè, torí ọ̀rá inú ẹ̀ máa ń pa ìfófó bíà. Kì í mu kọfí ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún aáyù ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí ó lè pa ahọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Bó bá ṣe pé ẹlòmíì ni, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀. Gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù ti yanjú lójú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ owú. Ohun tí Otakar sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, ta ló ṣe òfin náà gan-an? Ṣé kì í ṣe Radim yìí kan náà? Ọkùnrin tó fọgbọ́n bọ́ lọ́fínńdà ọkọ kúrò lára ìyàwó oníyàwó, kí ni kò ní lè bọ́?

Lọ́jọ́ náà, Radim sọ ìtàn fún wọn. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ilé tó yí ọjà po ló láṣẹ láti pọntí, wọ́n á sì máa gbà á ṣe yípo. Bí bíà ẹnì kan bá délẹ̀, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ìlú á wọ ṣòkòtò awọ, wọ́n á da bíà náà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á jókòó lé e. Bó bá tó àkókò tí wọ́n dìde, tí bẹ́ǹṣì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò wọn tó bá wọn dìde, bíà náà dáa, ó ki. Bí bẹ́ǹṣì bá kù sílẹ̀, ẹni tó pọn ọ́n gbé.

Radim ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ṣeré díẹ̀. Màdáàmù Šmerda, ẹ wá bá mi jókòó." Ó da bíà ife kan sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ awọ kékeré méjì sí i, òun àti Blanka sì jókòó lórí awọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Otakar wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Lójú ti gbogbo èèyàn, ọmọ màlúù lè gba ibẹ̀ kọjá. Lójú tirẹ̀, abẹ́rẹ́ ò lè wọ ibẹ̀. Ó dìde, ó kọjá láàárín gbogbo kíláàsì, ó jókòó pẹ̀ẹ́ sí àárín àwọn méjèèjì lórí bíà tútù, pẹ̀lú ṣòkòtò aṣọ tó wọ̀. Bíà gba inú ṣòkòtò wọlé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ń lu tábìlì.

Blanka ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ota, kí lò ń ṣe?"

Ó fèsì pé, "Mò ń kẹ́kọ̀ọ́."

Èyí tó wá dùn ún jù ni ìtọ́wò. Radim gbé ife fún Blanka, ó béèrè ohun tó rí. Blanka kan imú bọ inú ife, ó dijú, ó pẹ́ díẹ̀. "Èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Lẹ́yìn ẹ̀, bíi koríko tí wọ́n gé láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀."

Radim náà gbóòórùn ẹ̀. "Ìrì! Ẹ ṣeun, Màdáàmù. Mi ò rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Šmerda, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?"

Otakar mu ún, ó gbé e mì. Ó wá inú ẹnu rẹ̀ títí, kò bá búrẹ́dì kankan níbẹ̀. Ó ní, "Bíà ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, owú rẹ̀ di méjì. Ó ń jowú Radim nítorí Blanka, ó sì ń jowú Blanka fúnra rẹ̀ nítorí ahọ́n rẹ̀. Gbogbo bíà tóun ti mu láyé òun, òun ni kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, tí ìyàwó oní-ife-kékeré ń rí ìrì!

Bí ìgbà ìwọ́wé ṣe ń parí lọ ni Radim sọ ọ̀rọ̀ kan tó tún dá kún un. Ní gbogbo àárọ̀ Túsìdé, àwọn atọ́wò ilé ìpọntí máa ń jókòó yẹ bíà wò kó tó jáde. Àga kan ti ṣófo láàárín wọn. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ìkẹyìn ló ni àga náà. Nígbà tí Blanka ń bọ́ bàtà nílé ló ní, "Ota, mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó báyìí rí láyé mi."

Otakar ní, "Ó dáa." Lójú rẹ̀, Sátidé nìkan ò tó wọn mọ́, ó ti fẹ́ kan Túsìdé. Kíláàsì á parí, kò ní sáyè fún òun láti jókòó sáàárín wọn. Bí Blanka bá gba àga yẹn, Otakar ti mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìdánwò, Blanka jáde látinú yàrá, ó sì dúró síbi tó wà. Otakar ló wà nídìí ìdáná, tó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí! Ó ti se ọbẹ̀ aáyù, ó sì ti dín búrẹ́dì sí i. Aáyù tó wà nínú rẹ̀ tó lé àdán jáde ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Jókòó, kó o jẹun kó o tó lọ."

Ojú Blanka rọ̀. Ó wá síwájú, ó fẹnu ko orí tó ń dán yẹn. "O dáná fún mi? Látọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó, Ota!" Ó wo inú ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín. "O ti gbàgbé òfin Radim. Mi ò lè jẹ aáyù báyìí. Bá mi pa á mọ́, mo máa jẹ ẹ́ tán pátápátá tí mo bá dé. Ìwọ jẹ tìẹ, jẹ́ kí n máa wò ẹ́."

Ó sì jókòó lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Kí ló kù tí Otakar lè ṣe? Ó jẹ àwo kan. Blanka bu òmíràn sí i. Ó jẹ ìyẹn náà, ó ń làágùn.

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, kò sẹ́ni tí Blanka ò sọ fún. "Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ mi dáná fún mi lónìí! Ó se ọbẹ̀!" Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún Otakar. Òun ń wo bàtà rẹ̀.

Radim gbé ife mẹ́ta síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Ẹ sọ èyí tó yàtọ̀ fún mi, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ṣe é. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Otakar gbóòórùn àkọ́kọ́, ó gbóòórùn ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ara rẹ̀ ta kìjí. Òórùn kan wà níbẹ̀! Ó rántí ohun tí Radim kọ́ wọn, pé hópù tó bá pẹ́ jù lórí wáyà kí wọ́n tó ká a máa ń rùn bí aáyù. Inú rẹ̀ dùn. Radim, ọ̀gá apọntí onírun, ti pọn bíà tó bà jẹ́, òun Otakar ló sì mú un. Kò dúró kó kàn án. Ó fò dìde. "Ìkẹta! Hópù tó ti pẹ́ lórí wáyà. Aáyù ni, ó ń rùn fìn-ìn!"

Radim wá, ó gbé ife ìkẹta Otakar, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un gbóòórùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Otakar fúnra rẹ̀, ó sì gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. "Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?"

Àwọn èèyàn ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Blanka nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọkọ rẹ̀, ẹ ò bá rí bí gbogbo ayọ̀ ọbẹ̀ yẹn ṣe ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Radim rọra yí padà. "Màdáàmù, ẹ̀yin ńkọ́?"

Blanka ní, "Kò sí nǹkan kan. Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Radim ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Inú àgbá kan náà ni mo ti fa gbogbo ẹ̀." Nínú gbogbo kíláàsì, obìnrin náà nìkan ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni Blanka ṣe gba àga Túsìdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó dúpẹ́, ó sì wọ kóòtù rẹ̀.

Wọ́n rìn dé ẹ̀bá oko hópù, níbi tí wáyà ti ṣófo lẹ́yìn ìkórè, Blanka sì yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ota, kò sí ọjọ́ kan tí mi ò dáná fún ẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwọ dáná fún mi, owú lo fi sebẹ̀."

"Blanka, Radim yẹn..."

"Radim kí ni? Ó bi mí ohun tí mo rí, ó sì dúró gbọ́ èsì. Kò ṣe jùyẹn lọ. Ìwọ, ṣé o ti bi mí rí?"

Otakar wá inú ẹnu rẹ̀ bó ṣe wá a lọ́jọ́ bíà yẹn. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀, àfi aáyù. Nígbà tí wọ́n délé, Blanka gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà, ó dà á nù.

Ní Túsìdé, obìnrin náà wọṣọ, kò fi lọ́fínńdà, kò kun ètè, ó jáde. Otakar dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ tẹ̀ lé e. Kò lọ, kò sì lọ bá Vilém. Ó bó ànàmọ́, ó gé ọwọ́ ara rẹ̀, ó se é, ó fi bọ́tà àti iyọ̀ sí i. Aáyù wà lórí pẹpẹ, kò fọwọ́ kàn án.

Blanka wọlé lọ́sàn-án. Ó rí àwo lórí tábìlì, ó rí aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi di ìka. Ó jókòó. Kò mú ṣíbí. Ó gbé àwo náà sókè, ó kan imú bọ inú ooru rẹ̀, ó dijú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe máa ń pẹ́ sórí ife.

Otakar dúró tì í.

Ó ní, "Kí lo rí?"

Blanka la ojú. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, kò sóhun tó ṣe é," ó wí, ó sì mú ṣíbí.

Otakar fa àga, ó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ó fẹ́ béèrè bóyá Radim náà wà níbẹ̀, àti ibi tó jókòó sí gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó yára fi ànàmọ́ gbígbóná dí ẹnu ara rẹ̀.