Ẹni Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Òórùn ata àti tòmátò ló máa ń bá wa wọ ọ́fíìsì ní Ogudu láàárọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà ọjà Mile 12 fẹ́ wá, òórùn tòmátò tó ti ń rọ̀ á kọjá lára ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láìkọ orúkọ sílẹ̀, á gun àtẹ̀gùn, á sì jókòó sáàárín wa lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ọ̀gá wa á di imú, wọ́n á fín lọ́fínńdà, wọ́n á máa bi ara wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ń rùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ rírì ẹ̀bùn ńlá tí Ọlọ́run fi jíǹkí àwọn kan láyé yìí, ìyẹn ẹ̀bùn àìgbọ́ Yorùbá. Jẹ́ kí n yìn ín bó ṣe yẹ. Ẹni tí wọ́n fi Yorùbá rẹ̀ lẹ́kún, tí wọ́n fi Yorùbá bú, tí wọ́n fi Yorùbá dá sẹ́ríà fún títí tó fi di géńdé, tó wá ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ nínú ilé alájà mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ sì fò lọ pátá, irú akọni bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ni olórí wọn. Ọmọ Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ni, àmọ́ bí ẹ̀ṣọ́ bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," á wò ó bí ẹni pé ẹyẹ ló bá a sọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ni ọ́fíìsì wa. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ irú wa ni, ìwọ náà á rántí, tí a ń so ó mọ́ ìgbànú bí ìbọn. Ìmọ̀ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ ìpolówó Gẹ̀ẹ́sì wọn di Yorùbá fún rédíò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, yàrá kan wà lókè tí àwọn ẹnjiníà ti ń tú fóònù palẹ̀, tí wáyà kún gbogbo ilẹ̀, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Aunty Ẹnjiníà, ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Bí o bá tẹ nọ́ńbà kan báyìí, bí o ò tiẹ̀ ní kọ́bọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ á lọ bá ẹni tó o fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí." Ọ̀fẹ́ ni. Ó gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní owó wo ló wà níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn á máa pe ara wọn padà, owó á ti ara ìpè yẹn jáde. Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti kó wáyà kúrò nínú yàrá yẹn, wọ́n kó agboòrùn ìpolówó kún ibẹ̀. Bí òjò bá ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Agboòrùn yẹn nìkan la wá ní tó ń ṣiṣẹ́ nígbà òjò.

Àwọn ará Mile 12 ò dúró dè wá. Ìyá onílé mi ní Ìkòsí ń ta tòmátò lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀. Ará Ṣágámù ni, ọmọ ìjọ paraku, àmọ́ awakọ̀ tó ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ láti Kano ń pè é ní Hajia, kò sì kọ̀ ọ́. Fíláàṣì làwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀. Awakọ̀ á pè é, fóònù á dún, á sì pa á kó tó gbé e. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti kọjá Jẹ́bà. Lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dé Ìbàdàn, kí Hajia lọ wá alábàárù sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni ò san nǹkan kan. Ọjọ́ tí fíláàṣì bá sì kùnà, alábàárù á ti tẹ̀lé ẹlòmíì lọ, ẹrù á wà nínú oòrùn, ohun tó yẹ kó tà lápẹ̀rẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń dà sí gọ́tà.

Fíláàṣì yìí làwọn ọ̀gá wa wá dájú sọ. Wọ́n pè wá sípàdé, ọ̀gá pátápátá tó ti òkè òkun wá jókòó síwájú, ọ̀gá ẹ̀ka wa dìde, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì imú ṣàlàyé pé àwọn ọlọ́jà ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, bí fóònù bá ti lè dún, a ó gé owó, wọn ì báà gbé e, wọn ì báà má gbé e. Aunty Ẹnjiníà nawọ́. Ó ní tí wọ́n bá lè gbé tòun jáde, kò sẹ́ni tí á tún nílò fíláàṣì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ó ní eléyìí gan-an ni ọgbọ́n tuntun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá fún mi ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó kún fún "ìrírí ìbánisọ̀rọ̀ tó túbọ̀ níye lórí," wọ́n ní kí n sọ ọ́ di Yorùbá.

Mo bá ìyá onílé mi níbi tó ti ń ṣa tòmátò tó ti fọ́ kúrò lára gidi.

"Mummy, wọ́n fẹ́ máa gba owó fíláàṣì o."

"Owó pé mo sọ̀rọ̀, àbí owó pé mi ò sọ̀rọ̀?"

"Pé ẹ ò sọ̀rọ̀ ni, mà."

Ó wò mí. "Ẹ kú iṣẹ́. Tó bá yá, ẹ ó máa gba owó àlá." Ó ju tòmátò kan sẹ́yìn. "Ṣé ìwọ náà lo máa kọ ti rédíò? Kọ ọ́ kó yé wa o, jọ̀ọ́. Èyí tẹ́ ẹ ṣe kọjá, mo rò pé oògùn ikọ́ lẹ̀ ń tà."

Mo kọ ọ́ kó yé wọn. Mo kọ pé: "Ẹ̀yin oníbàárà wa, láti oṣù tó ń bọ̀, bí ẹ bá fíláàṣì èèyàn, a ó gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹni yẹn ò gbé e, a ó ṣì gbà á. A ò kọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, a ò ṣe nǹkan tuntun kankan, owó yín la kàn fẹ́. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń fara dà á."

Ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi níwájú ọ̀gá pátápátá. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró lórí gbólóhùn kẹta. Aunty Ẹnjiníà tó ń yọjú wò ó lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àmọ́ báwo ni ẹni tó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò gbọ́ Yorùbá ṣe fẹ́ sọ pé Yorùbá yìí ò dáa? Ọ̀gá pátápátá bi í pé ṣé kí wọ́n gbé e lọ sí rédíò. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ, ó sì fọwọ́ sí i.

Rédíò kà á lówùrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọ̀sán, ìyá onílé mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé ẹnu géètì wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan. Síìmù ló wà nínú rẹ̀.

"Ta lẹ wá rí, mà?" ni ẹ̀ṣọ́ wí.

"A ò wá rí ẹnikẹ́ni. Ẹrù wọn la kó wá. Sọ fún wọn kí wọ́n tètè tà á, kì í pẹ́ rà."

Ìyá yẹn àti awakọ̀ rẹ̀ ti ra síìmù ilé-iṣẹ́ mìíì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún kó òmíì wá. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ilé-iṣẹ́ wa kéde pé àwọn dá owó fíláàṣì dúró fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ò tíì parí títí wọ́n fi ta ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn ẹlòmíì.

Wọ́n pè mí sí yàrá ọ̀gá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Yorùbá rẹ̀ sì padà wálé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ pé, kò sọ ẹyọ kan nù lọ́nà, gbogbo "ṣ" ẹnu rẹ̀ ti di "s" bíi ti ọmọ Bẹẹrẹ gidi.

"Sé orí ẹ pé sá? Sé èmi lo fẹ́ fi se yẹ̀yẹ́? Ta ló ní kó o kọ ìsọkúsọ yẹn? Dá mi lóhùn kí n tó lé ẹ dànù."

Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo wò ó lójú, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ jù lẹ́nu mi sọ fún un pé kó dárí jì mí, èmi ò gbọ́ Yorùbá. Mo jáde, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ketu, ẹ̀rín ń pa mí.

Àwọn èèyàn ti bi mí bóyá mo kábàámọ̀ iṣẹ́ yẹn. Rárá. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé etí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ò di; wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí Aunty Ẹnjiníà àti Mile 12 ń sọ, àmọ́ bí wọ́n bá gbà pé àwọn gbọ́, á ná wọn lówó. Àìgbọ́ rọrùn, ó sì ń dùn mọ́ èèyàn. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé èmi náà ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nínú yàrá ọ̀gá.