Rọ́bà Ojú Ìgbọ̀nwọ́

Àpò kámẹ́rà ìyàwó mi ṣì ń rùn tùràrí. Bí mo bá fa síìpù rẹ̀, òórùn ilé àdúrà wọn á jáde sí mi lójú: tùràrí, àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àti pọ́ńdà tó máa ń fi sójú kó tó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Thames View ní London níbí, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tí ẹsẹ̀ àwọn tó bọ́ bàtà sílẹ̀ á sì máa tutù. Òun ló máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Èmi ni mo máa ń fi mọ́tò gbé e lọ, tí mo máa ń jókòó síta, tí mo máa ń kàwé títí wọn á fi parí.

Ó ti pẹ́ tí orúnkún ti ń dà á láàmú. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, báwo ni yóò ṣe ya fọ́tò àwọn tó kúnlẹ̀, tàbí ti ọmọ tuntun tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní? Ohun tó yanjú rẹ̀ fún un ni awò kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Awò náà tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tó fi jẹ́ pé kámẹ́rà lè wà nísàlẹ̀ nítòsí orúnkún, kí ẹni tó ń ya fọ́tò dúró, kó sì máa wò ó láti òkè bí ẹni ń wo inú kànga. "Ìgbọ̀nwọ́ mi" ló máa ń pè é. Rọ́bà dúdú roboto kan wà lẹ́nu rẹ̀ níbi tí a ń gbé ojú lé, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó lo rọ́bà yẹn títí tó fi tẹ̀ bá ojú rẹ̀ mu. Pọ́ńdà rẹ̀ ti wọ gbogbo ìlà ara rọ́bà náà, kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìgbọ̀nwọ́ náà ti jáwọ́ nínú ṣíṣe é tipẹ́tipẹ́.

Ọsibítù ni a ti rí i pé rọ́bà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá, òun fẹ́ ya igi tó wà lójú fèrèsé. Ó gbé e sójú, ó gbé e kúrò. "Rọ́bà ojú rẹ̀ dà? Ẹ bá mi wá a." Mo tú ilé, mo tú mọ́tò, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ gbogbo ìjókòó. N kò rí i títí ó fi kú.

Nílùú wa, ọkọ kì í jogún aya. Ọmọ ló ń jogún ìyá, bí kò bá sì sí ọmọ, àwọn ọmọ ìyá olóògbé ló ni ẹrù. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá kẹ́rù nílé wa ní Eastbury. Òfin ìlú tí a wà yìí wà lẹ́yìn mi, ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ gbé lọ́yà dìde sí àna mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ ìdána, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kò ní kí n dìde. Mo dá ara mi dìde.

Obìnrin yìí ni ìyá àdúrà ìjọ náà, aríran ni. Kò fẹ́ràn mi rí. Ọkùnrin tó ń kàwé nínú mọ́tò nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ níwájú pẹpẹ, kí ni ì bá fẹ́ràn lára rẹ̀? Ó kó aṣọ, ó kó gèlè, ó kó wúrà, n kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó gbé àpò kámẹ́rà ni mo la ẹnu.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yẹn nìkan sílẹ̀ fún mi. Ẹ máa kó ìyókù lọ."

Ó yọ ọ́ jáde, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó sọnù, mà."

"Ó sọnù!" Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Erùpẹ̀ tí a dà bo ọmọ ìyá mi kò tíì gbẹ, ọkọ rẹ̀ ti ń tú ẹrù rẹ̀ tà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra now," ọkùnrin náà sọ. "Rọ́bà lásán ni. Ta ló fẹ́ rà á?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Rọ́bà lásán! Òun ni àbúrò mi ń gbé ojú lé." Ó sọ ìgbọ̀nwọ́ náà sórí tábìlì níwájú mi. "Ìgbà tí a bá padà wá kó àwọn àpótí tó kù, kí n bá a ní pípé. Bí kò bá pé, màá gbé e lọ, màá sì dúró níwájú gbogbo ìjọ, màá sọ irú ẹni tí àbúrò mi fẹ́."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá rọ́bà kiri nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe nítòsí stéṣọ̀n Barking kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní wọn kò ṣe é mọ́, kí n lọ ra kámẹ́rà tuntun, ó sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo àwọn tó ń ta irú ìgbọ̀nwọ́ náà ló ń tà á láìní rọ́bà, bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ pàdánù nìyẹn. Nígbà tó yá, mo rí ibi tí àjèjì kan ti kọ ọ́ pé rọ́bà ara awò olójú méjì kan, èyí tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ láyé àtijọ́, lè gbà á. Mo fi òwú wọn ẹnu ìgbọ̀nwọ́, mo sì ránṣẹ́ rà á. Méjì ló wá nínú àpòòwé, nítorí ojú méjì ni awò yẹn ní. Mo ti ọ̀kan bọ omi gbígbóná títí tó fi rọ̀, mo fà á wọ ẹnu ìgbọ̀nwọ́. Ó mú un pinpin. Mo ki èkejì bọ àpò.

Síbẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ni ọkàn mi ń fẹ́. Mo lọ sí gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, mo bá ìyá àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Kí ó lè mọ ohun tí mo ń wá, mo yọ rọ́bà kejì jáde. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jésù! Bàbá, ẹ jù ú sílẹ̀! Níbo lẹ tún ti rí i? Ṣebí a ti gbé e sọ sódò!"

Mo pa ọwọ́ dé e, mo ní mo rà á ni, títí ara rẹ̀ fi balẹ̀ tó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Abẹ́ ẹní iwájú pẹpẹ ló ti rí i nígbà tí ìyàwó mi wà ní ọsibítù: òrùka dúdú, tó rọ̀ bí ẹran ara, tí nǹkan funfun wà lára rẹ̀ bí ẹfun. Ó ké, wọ́n pe ìyá àdúrà. "Ó ní òrùka ayé ni, òun ni wọ́n fi de àbúrò òun mọ́lẹ̀. A gbààwẹ̀ lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sódò, kò bojú wẹ̀yìn."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo padà sínú mọ́tò, mo jókòó síbi tí mo ti máa ń jókòó, inú mi sì dùn lọ́nà kan tí kò dára. Mo ti rí òkò tí n óò sọ lù ú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu, tí mo ń pọ́n ọn bí ọ̀bẹ.

Wọ́n padà wá. Mo ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìka kan rọ́bà náà.

"Èyí kì í ṣe tirẹ̀."

"Kì í ṣe tirẹ̀, mà."

"Tirẹ̀ dà? Ta lo tà á fún?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti pọ́n fò lọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo gbé rọ́bà kejì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òun nìkan, lórí aṣọ funfun.

"Àh, ọ̀kan tún wà!" àbúrò rẹ̀ sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, wàhálà ti parí."

Kò gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, rọ́bà náà tẹ̀, ó sì padà sípò. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ìyá àdúrà kọ́ ló fi sọ ọ́.

"Nǹkan funfun tó wà lára èyí àkọ́kọ́..."

"Pọ́ńdà rẹ̀ ni, mà."

Ó jókòó. Àbúrò rẹ̀ wò mí, ó wò ó, kò yé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lẹ́nu mi, èyí tí ì bá pa á: pé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ìyàwó mi ti béèrè fún rọ́bà yẹn. Mo gbé e mì. Kì í ṣe àánú ni. Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni, n kò fẹ́ kí ó kó ìyẹn náà lọ.

Ó fi ánkáṣíìfù rẹ̀ wé rọ́bà kejì, ó fi sínú báàgì, ó sì ní kí àbúrò òun gbé àpótí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò dágbére. Èmi náà kò dọ̀bálẹ̀.

Títí di òní, a kì í kí ara wa. Lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan, ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún ló wà, mo wà nítòsí ilẹ̀kùn. N kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, òun náà kò sì bẹ̀ mí. Ìwọ yóò ní kí n dárí jì í. N kò tíì ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ojú lé ìgbọ̀nwọ́ báyìí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé nígbà kan náà tí àìsàn ń gbé ìyàwó mi lọ, èmi ń tú mọ́tò wá rọ́bà yẹn kí ó lè ya igi ojú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fi ebi pa ara rẹ̀ lórí rọ́bà yẹn kan náà kí ó lè dìde. N kò mọ ẹlòmíràn tó tún fẹ́ kí ó yè tó àwa méjèèjì. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè kórìíra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán.

Rọ́bà tuntun náà ṣì le. Kò tíì mọ ojú ẹnikẹ́ni.