Aṣọ Kẹ́hìndé Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tí aṣọ fojú mi rí lórí òkun! Ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, Dahomey la ṣì ń jẹ́. Èmi Táyé, aránṣọ ará Pobè, ni ìjọba yàn pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ sí i ní Faransé. Àyè ti tán nínú ọkọ̀ tó yẹ irú wa, ni wọ́n bá fi mí sínú ti àwọn olówó. Ṣé kí n wá kọ̀ ni?

Ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n mú. Kẹ́hìndé, ìkejì mi tí a jọ ń ránṣọ, ni yóò dúró sílé. Ìyẹn dùn mí wọra.

Wọ́n ti sọ fún wa ní bìró, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀, pé alẹ́ méjì ń bẹ nínú ìrìn àjò náà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ aṣọ lásán dé ìdí oúnjẹ. Ọkùnrin á wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì labalábá, obìnrin á wọ róòbù tó gùn dé ilẹ̀. Aṣọ ha lè dẹ́rù ba aránṣọ bí? Mo ra àrán aláwọ̀ aró, mo rán róòbù méjì tí kò yàtọ̀ síra rárá, torí pé láti kékeré wa, ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé ni wọ́n ń rà fún Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Kẹ́hìndé ká tirẹ̀ sínú àpótí mi. Ó ní bí òun ò bá lè wọ ọkọ̀, kí aṣọ òun wọ̀ ọ́, kí ó sì jókòó sí yàrá oúnjẹ àwọn olówó yẹn. Mo ṣèlérí fún un.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo wọ tèmi. Ó bá mi mu, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n mo rí madamu kan tó fi oúnjẹ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú, torí pé ẹlòmíràn wọ irú aṣọ rẹ̀. Ẹnu yà mí. Nílé wa, ẹni tí a bá fẹ́ràn la ń bá wọ irú aṣọ kan náà.

Sẹlẹsitínì, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Dahomey wa, tó ń lọ ṣègbéyàwó ní Faransé, ni a jọ wà ní yàrá kan. Nígbà tí mo ní ti Kẹ́hìndé ni màá wọ̀ lálẹ́ kejì, ó pariwo. Tantí ló ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n.

“Tantí! Ṣebí aṣọ kan náà ni? Wọ́n á ní ẹyọ kan lẹ ní!”

Mo ní ọ̀kan jẹ́ tèmi, èkejì jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Ó ní ta ló máa mọ̀? Mo ní èmi mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ alẹ́ kejì gan-an la dé Dákà, ìyá àfẹ́sọ́nà Sẹlẹsitínì sì wọkọ̀ níbẹ̀. Obìnrin Sakété ni, ó ti pẹ́ tó ti ń tajà ní Dákà, fótò nìkan ló sì fi mọ Sẹlẹsitínì. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ sinmi, pé ìdí oúnjẹ alẹ́ làwọn máa pàdé. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, pé bí ìyàwó ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọmọ rẹ̀ ò ní fẹ́ ẹ. Ẹnu ọ̀nà ni Sẹlẹsitínì ń wò bó ṣe ń lọ ẹyọ róòbù kan tó ní, èyí tó tọ́jú pamọ́ de alẹ́ yìí. Irin gbígbóná yẹn dúró pẹ́ jù, ó jó ihò síbi àyà!

Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò jáde mọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá fún un ní ti Kẹ́hìndé, èmi á tún tèmi wọ̀. Obìnrin méjì nínú aṣọ kan náà, ọ̀kan sì ń wọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì! Ìlérí mi ńkọ́? Mo bi ara mi pé kí ni Kẹ́hìndé ì bá ṣe. Kẹ́hìndé tí mo mọ̀, á bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀ fún un ni.

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, mo gba ìbàdí róòbù Kẹ́hìndé wọlé díẹ̀ fún Sẹlẹsitínì, mo wọ tèmi, a sì jáde. Bí a ṣe wọlé, gbogbo orí yíjú sí wa. Sẹlẹsitínì fẹ́ padà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá náà wò wá látòkè délẹ̀. Kò kí wa. Ó kàn ní, “Taa ni Táyé nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Èmi ni, Ìyá. Kẹ́hìndé wà ní Pobè. Aṣọ rẹ̀ ni Sẹlẹsitínì, ìyàwó yín, wọ̀ yìí. Irin ló jó tirẹ̀.”

Ó tún wo aṣọ náà. Àyà mi já, ẹ má purọ́ fún ara yín, tiyín náà ì bá já! Lẹ́yìn náà ló fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èmi náà bí ìbejì. Mo mọ̀ pé ìbejì kì í gbé aṣọ ìkejì rẹ̀ fún èèyànkéèyàn. Wá jókòó tì mí, ìyàwó mi.”

Mo fi fótò tí wọ́n yà wá lálẹ́ náà ránṣẹ́ sílé, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí èsì fi dé. Kẹ́hìndé ní, “Ó mà dáa o! Aṣọ mi ti rí ilé ọkọ kí èmi tó rí i!”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ohun tí èèyàn ń wọ̀ lálẹ́ irú yẹn: ẹ wọ èyí tó gùn, tó mọ́, tó bá yín lára. Bí ẹlòmíràn bá wọ irú rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Aṣọ tó bá bo àṣírí ọmọlàkejì ti ṣe ju ẹwà lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi aṣọ bò yín láṣìírí rí? Ẹ sọ fún wa, ẹ má fi pamọ́. Bí ẹ bá sì pàdé Sẹlẹsitínì, ẹ bá mi sọ fún un pé Kẹ́hìndé ṣì ń retí róòbù rẹ̀!