Omi Tí Mo Dà Sórí Àpáta Gbígbóná

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ sí Ọ̀kà, àpáta kan tó ga dé ìbàdí mi wà gan-an níbi tí bíríkìlà fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ pálọ̀ sí. Kò yà wá lẹ́nu. Ní Ọ̀kà, bí ilé rẹ kò bá jókòó sórí òkúta, á fẹ̀yìn ti òkúta. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkàrẹ́. Ilé-ìwé wa ti wà nínú ìsinmi nígbà náà, nítorí náà èmi ni mo ń dúró ti àwọn òṣìṣẹ́.

Bíríkìlà wa ló mú bàbá kan wá láti àdúgbò Sosan. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, iná sì ti jó gbogbo irun ọwọ́ rẹ̀ tán, nítorí iná ló fi ń fọ́ àpáta. Yóò kó igi àti ògbólógbòó táyà jọ sórí àpáta, yóò ṣáná sí i, yóò wá lọ jókòó sábẹ́ igi káṣú lọ́ọ̀ọ́kán, yóò máa tẹ́tí sílẹ̀. Bó bá gbọ́ tí nǹkan ń ró nínú àpáta bí ìgbà tí èèyàn ń fi eyín fọ́ egungun adìyẹ, á mọ̀ pé ó ti ń là. Síbẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Yóò jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó gbé òòlù.

Mo fẹ́ràn láti máa wò ó, àmọ́ bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọ iṣẹ́ ni mo ṣe ń wò ó. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Mo ní ara àpáta ló kọ́kọ́ ń gbóná, inú rẹ̀ ṣì tutù; ara yẹn fẹ́ fẹ̀, inú kò sì gbà fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń là. Ó gbọ́ mi tán, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnu yà á.

Lọ́jọ́ kẹta, bíríkìlà pè mí lórí fóònù pé bí àpáta náà kò bá tíì kúrò títí di àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òun máa kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ kan ní Ògbàgì. Ó ku apá kan tó tóbi, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lórí rẹ̀ ni. Mo sọ fún Bàbá pé kí ó da omi tútù sí i, á fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àpáta kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Ó fi igi tọ́ka sí ìlà tín-ínrín kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá.

“Ìlà yìí jìn,” ó ní. “Omi tó bá wọ ibẹ̀ ò ní dúró jẹ́ẹ́. Jẹ́ kó tutù, Tíṣà.”

Kò fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Nínú èdè agbègbè wa, àgbà tó bá pe èèyàn ní “ìwọ” kò fi àbùkù kàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn bíi pé ó bú mi.

Bàbá yí lọ sí ẹ̀yìn àpáta, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa wáyà tó ṣẹ́kù lára àwọn táyà tó ti jóná. Mo rí i níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó jìnnà tó. Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì, mo sì dà á lé ìlà yẹn gan-an.

Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dún bí ìbọn, èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, mo sì gbọ́ tí àfọ́kù òkúta ń ba ewé káṣú. Nígbà tí mo fi máa ríran, Bàbá ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Kò pariwo. Ó kàn ń bi mí bóyá òkúta kò bà mí.

Ọlọ́kadà kan ló bá mi gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́. Àfọ́kù òkúta ti wọ ojú rẹ̀ òsì. Wọ́n ti di ojú náà, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ọkọ mi àti bíríkìlà wọlé, ọmọ Bàbá obìnrin sì tẹ̀ lé wọn. Ọkọ mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Bàbá da omi sí i kó tó tutù,” mo sọ.

Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó yí orí padà díẹ̀, ó fi ojú ọ̀tún wò mí. Bíríkìlà pòṣé, ó ní ọjọ́ ogbó ti dé. Ọkọ mi bá Bàbá wí pé kí ló dé tó fi ń kánjú. Mo dúró láàárín wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n wí i.

Ojú náà kò là mọ́. Bíríkìlà wá ẹlòmíì tó parí iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ sì tàn kiri láàárín àwọn tó ń kọ́lé ní Ọ̀kà àti Àkùngbá pé ọwọ́ Bàbá kò dájú mọ́. Kò sẹ́ni tó pè é síṣẹ́ mọ́.

Ilé-ìwé wọlé. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí omi ṣe ń di èéfín, mo ní omi ife kan ṣoṣo tó bá di èéfín lè kún yàrá kékeré kan. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní bí kò bá wá sí àyè níbi tí omi náà wà ńkọ́. Mo kọjú sí pátákó, mo dáhùn pé á fi agbára wá àyè fúnra rẹ̀. Mi ò lè yíjú padà sí wọn. Mo ní kí wọ́n máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ títí agogo fi lù.

A ti kó wọ inú ilé tuntun náà kí n tó lọ sí Sosan. Ọjọ́ Sátidé ni. Bàbá ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, ó ń fi ìka wá ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Ọmọ rẹ̀ gbé àga fún mi, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé mo sáré gbé bàbá òun dé ilé ìwòsàn. Ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ ojú mi. Mi ò lè jókòó sórí àga náà. Mo dúró títí ó fi wọlé, mo wá kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá pé èmi ni mo da omi, pé mo sì parọ́ mọ́ ọn.

“Mo wà níbẹ̀, Tíṣà,” ó ní. Ó tún bó ẹ̀gẹ́ kan tán. “Èmi kọ́ lo parọ́ fún. Àwọn tó o parọ́ fún ṣì wà láyé.”

Mo sọ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó sọ kò ju pé mo jẹ́ kí òun bá bàbá olóbàbá wí lójú ọmọ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìkíni nìkan ló ń dà wá pọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, mo wá bíríkìlà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ń wo ilẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní òun máa pe Bàbá padà. Ó pè é lóòótọ́. Bàbá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní olójú kan kì í rí ibi tí àfọ́kù ti ń bọ̀, òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi jọ lọ ń kí i nísinsìnyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ní ìgboyà tí mo fi lè jẹ́wọ́. Mo sọ fún un pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó nígboyà á ti sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Bàbá máa ń dáhùn tí mo bá kí i, ó sì máa ń béèrè àwọn ọmọ mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbọ́. Bí ó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á dìde kúrò níbẹ̀, á wọlé, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi pè é padà.