Ajá Tó Ń Jẹ́ Má-dá-sí-i

Ọkùnrin alágbàfọ̀ kan ń gbé yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé tí èrò kún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn. Ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Bí tọkọtìyàwó òkè bá ń jà, á wọ́n omi sáṣọ, á máa bá áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá kàn án, kò ní yà sí i.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní yàrá kejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjà tí kì í là, kò sí ìkòkò tí kì í ṣí wò. Ó bi alágbàfọ̀ ìdí tí kò fi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó bi í títí ó sú u. Nígbà tí ọmọbìnrin alágbàfọ̀ mú ọmọ ajá pupa kan wá fún un, ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Má-dá-sí-i. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe ajá, á fa ohùn.

"Mo gbọ́ o, Bàbá," ni obìnrin náà á wí. "Ajá lẹ ń pè ni, àbí èmi?"

"Ajá ni. Ṣé orúkọ tìẹ náà nìyẹn?"

"Tèmi kọ́. Ẹ ò kúkú sọ ọ́ ní Mo-fẹ́-gbéyàwó."

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Alágbàfọ̀ àti ajá ni wọ́n jọ ń gbé aṣọ kiri. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ajá kò fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná kan létí títì, níbi tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, á fẹsẹ̀ tilẹ̀, á máa gbọ̀n. Alágbàfọ̀ rò pé agídí ni. Ẹnì kan tó ń kọjá sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe rere ni, àmọ́ kò bá ibẹ̀ mu. Ajá yìí gbọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, alágbàfọ̀ ru ẹrù aṣọ, ó fa okùn ajá. Ajá tẹ omi tó dúró sídìí òpó. Ó ké, ó ṣubú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan. Alágbàfọ̀ kò mọ nǹkan kan lára. Bàtà rọ́bà ló wọ̀. Ó da ẹrù sílẹ̀, ó ń pariwo:

"Má-dá-sí-i! Má-dá-sí-i!"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti sọ àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó ti nawọ́ láti fa ajá. Nígbà tó gbọ́ igbe yẹn, ó fa ọwọ́ padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ajá ń kú lọ, ẹ ṣì ń fi orúkọ ẹ̀ bú mi!"

Ó káwọ́ gbera. Ìbínú yẹn ni kò jẹ́ kí iná mú òun náà.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ló sáré dé. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iná ló mú un!" Ó fi igi gbígbẹ kọ́ okùn ọrùn ajá, ó fà á kúrò nínú omi. Ajá mí. Nígbà tó yá, ó dìde, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

"Awọ wáyà ló bó nínú òpó yẹn," ni alátáyà wí. "Omi sì ń gbé iná kiri ilẹ̀. Ẹ̀yin wọ bàtà. Ta ló rán bàtà fún ajá?"

Alágbàfọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Akọ̀wé bi í pé:

"Èèyàn ló kú ni, Bàbá?"

"Ajá ni. Kò tíì kú."

"Ẹ lọ tọ́jú ẹ̀. A máa wá."

Ó dúpẹ́, ó padà sílé. Wọn kò wá. Ó gbé àga dí ìdí òpó, ẹnì kan gbé àga lọ. Òjò tún rọ̀, ajá ilé kejì tẹ ibẹ̀, ó kú. Ọ̀nà yẹn nìkan sì ni alágbàfọ̀ àti ajá rẹ̀ ní.

Lọ́jọ́ náà kò lọ aṣọ. Ó jókòó, ó ń ro ẹni tí akọ̀wé kò ní lè lé padà. Ó dìde, ó kan ilẹ̀kùn yàrá kejì.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ òpó yìí, ẹ bá mi dá sí i."

Látọjọ́ tó ti mọ obìnrin náà, kò fi "ẹ" pè é rí.

"Kí lẹ wí? Etí mi dí díẹ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ bá mi dá sí i."

"Ẹ tún un wí, káwọn ará òkè gbọ́."

Ó tún un wí. Obìnrin náà fún ìró rẹ̀ le, ó jáde.

Ó lọ jókòó ti akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn oníná. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti ìdí tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fi dọ̀tí. Kí oòrùn tó kàntàrí, àwọn òṣìṣẹ́ ti gun ọkọ̀.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré ìdí òpó, wọ́n rí wáyà tó bó, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wọn nu ọwọ́.

"Ó ti parí, Ìyá. Kò sí nǹkan tó máa ṣe ajá mọ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bọ́ bàtà yín, kẹ́ ẹ tẹ ibẹ̀."

Ọ̀gá wo omi. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó tún ilẹ̀kùn kékeré náà ṣí.

Wáyà mìíràn wà lẹ́yìn, awọ òun náà ti jẹrà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn ni ọ̀gá wá bọ́ bàtà, ó dúró nínú omi, gbogbo wọn ń wò ó.

Alágbàfọ̀ ru ẹrù rẹ̀. Kò fa okùn. Ó dúró de ajá. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ajá kọjá.