Ọwọ́ Ọmọ Àlùfáà

Òórùn igi wawa tútù ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Santasi. Igi náà rọ̀, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń so igi pọ̀ láìkan ìṣó: wọ́n á gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, wọ́n á gé ahọ́n sórí èkejì, ahọ́n á sì wọnú ihò pinpin. Bí ó bá mì pẹ́nrẹ́n, màá ní kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà yẹn, mo rò pé kò sí olùkọ́ bíi tèmi ní gbogbo Kumasi.

Ọmọbìnrin Àlùfáà kan ní Asawase ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wọn. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣe káfíńtà rárá, èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo jókòó lórí ẹní lágbàlá wọn, mo ní, "Àlùfáà, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ ara mi ni màá máa ṣọ́ tirẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Àmánà ni o, mo fi í sí ìkáwọ́ rẹ. Ọlọ́run á bi ọ́ léèrè rẹ̀."

Kò tíì pé ọdún kan tí ìdè igi tó ń ṣe fi le débi pé bébà kò lè wọ àárín rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan kiri ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi ní Fante New Town, mò ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé kan fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa, bóyá wọn yóò fún wa ní àga wọn ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yọ ìbòrí tó ń dáàbò bo ọwọ́ lára ẹ̀rọ ayùn, nítorí ó ń dá mi dúró. Mo ní màá dá a padà. N kò dá a padà. Lọ́sàn-án, ọmọ náà dúró síwájú ẹ̀rọ náà.

"Ọ̀gá, ìbòrí rẹ̀ dà?"

"Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gégi ni? Gé e jàre, àlejò ti ń bọ̀!"

Ó gé e. Igi náà ta padà, ìró ẹ̀rọ yí padà, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló lọ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé ọsibítù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò sì fi ohunkóhun pa mọ́. Mo ní èmi ni mo yọ ìbòrí náà, mo ní ọmọ náà béèrè, mo sì jágbe mọ́ ọn.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Kádàrá ni." Wọ́n wá kọjú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n má wá sílé mi mọ́."

N kò lọ. Mo ta ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ojú ibi tó dúró sí ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà kò padà wá.

Lọ́dún tó kọjá ni Àlùfáà kú. Mo lọ bá ẹbí wọn kẹ́dùn. Ọmọbìnrin náà, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú báyìí, ló gbé omi wá fún mi. Ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ife mú dáadáa. Nílùú wa níbí, ìwọ̀sí gbáà ni kí èèyàn fi òsì gbé nǹkan fún àgbà, nítorí náà ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Mepa wo kyɛw, Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì ni o."

Òun ló ń bẹ̀ mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, mi ò lè mu ún. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró kí n mu tán kó lè gba ife.