Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wá Aṣọ Ògbólógbòó ní Okokomaiko

Ọ̀gá tó rán mi níṣẹ́ ló sọ fún àwọn tó fẹ́ dáná sun mí pé òun kò mọ̀ mí rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbàgbé rẹ̀. "Ṣebí o yè é?" ni wọ́n máa ń wí. Mo yè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé mo yè kì í ṣe ìdáhùn, ìdáhùn ni mo sì ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìbu iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wọ òṣèré orí ìtàgé láṣọ. Mo kà á gboyè ní yunifásítì, wọ́n sì kọ́ wa nípa àwọ̀, nípa iná, nípa ìtàn aṣọ láyé àtijọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá Ìbídùn ní Igbó-Elérin ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì mọ nǹkan kan. Màmá Ìbídùn ti ń rán aṣọ eré kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé ẹ̀wù kan lọ hàn wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀wù àgbẹ̀ tálákà, tí mo ti fi abẹ fà ya níbí, fà ya lọ́hùn-ún. Inú mi ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màmá gbé e sókè lójú fèrèsé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Morẹ́nikẹ́, ṣé ajá ló bu àgbẹ̀ yìí jẹ ni?"

"Rárá o, mà. Ó gbó ni."

"Aṣọ kì í gbó báyìí. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló ń jẹ aṣọ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń fara kàn án ni kó o máa wò."

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè rìn nígboro kí n má máa wo aṣọ lára àwọn èèyàn. Ti bíríkìlà, orúnkún ló ń kọ́kọ́ lọ. Ti ọlọ́kadà, itan ṣòkòtò rẹ̀ ló máa ń ṣá, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ń jókòó sí. Ẹni tó bá ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, omi á fa ìlà funfun sí ìbàdí rẹ̀, èjìká ẹ̀wù rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ nítorí agbọ̀n yanrìn tó ń ro omi sí i lára. Bí a bá fẹ́ ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún eré, a ó ra tuntun, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tíì, a ó fi bíríkì ha á, a ó fi símẹ́ǹtì àti eérú pa á lára, a ó sá a sóòrùn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Fífi ìyà jẹ aṣọ ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Àkísà pátápátá kò ṣeé lò, torí pé yóò fà ya lójú agbo. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ìdí òṣèré hàn síta, àwọn òǹwòran sì pàtẹ́wọ́ fún ìdí náà ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún eré lọ.

Eré tó fa ọ̀rọ̀ yìí dá lórí àwọn awayanrìn etí ọ̀sà Ọ̀jọ́. Ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Fọlárìn ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ń darí eré. Gbọ̀ngàn kan ní Ìbà la ti fẹ́ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ gbọọrọ ni mo fi jẹ àwọn ẹ̀wù àti ṣòkòtò yẹn níyà. Ọ̀gá rí wọn lára àwọn òṣèré nígbà ìdánrawò, ó ní, "Morẹ́nikẹ́, ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde." Mo sá wọn sórí okùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn kí oòrùn lè parí iṣẹ́ fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn láti lọ kó wọn. Okùn nìkan ni mo bá.

Mo sáré lọ bá ẹni tó ń bójú tó gbọ̀ngàn. Ó ń gbálẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

"Àwọn àkísà yẹn? Ọ̀gá yín ló ní ká palẹ̀ ẹ̀yìn mọ́, pé àlejò ńlá ń bọ̀. Àwọn onípàǹtí ti gbé e lọ."

Mo bá Ọ̀gá Fọlárìn níbi tó ti ń to àga ìjókòó àlejò ńlá náà.

"Ọ̀gá, wọ́n ti kó aṣọ eré dànù, sà."

"Aṣọ wo? Pàǹtí ni mo ní kí wọ́n kó."

"Pàǹtí yẹn ni aṣọ eré, sà."

Ó dúró, àga lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣèré tó wà nítòsí yíjú sí wa. Mo retí pé yóò ní, "Háà, àṣìṣe mi ni." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ nìyí, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ọ̀sán ni eré. Mi ò fẹ́ mọ bó o ṣe máa ṣe é. Bó bá jẹ́ pé o máa bọ́ ọ lọ́rùn àwọn lébìrà ní Okokomaiko ni, lọ bọ́ ọ. Má sì padà síbí lọ́wọ́ òfo."

Ó rán mi. Ó dárúkọ ibi tó rán mi lọ. Ó dárúkọ àwọn tí mo máa lọ bá. Kò sí àníàní níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀wù ẹyọ kan ṣeé jẹ níyà ní kíákíá, béèyàn bá fi agbára ha á. Aṣọ gbogbo ẹgbẹ́ kò ṣeé ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo bá ra ẹ̀wù àti síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun, mo kì wọ́n sínú àpò, mo gba Okokomaiko lọ. Àwọn lébìrà máa ń dúró de ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ṣọ́bìrì àti okùn. Mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá: ẹ fún mi ní èyí tó wà lọ́rùn yín, kí n fún yín ní tuntun.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rájí ló kọ́kọ́ dáhùn. "Àǹtí, ẹ gba ògbólógbòó, ẹ fún mi ní tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé orí yín pé báyìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rájí bọ́ ẹ̀wù kíá kí n má baà yí ọkàn padà. Ẹlòmíì bọ́ tirẹ̀ náà. Ẹnì kẹta jẹ́ àgbàlagbà díẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣan án lómi, kí n tó kó o fún yín."

Mo yára dá a lóhùn, "Rárá o, bàbá, ẹ má fọ̀ ọ́! Ìdọ̀tí ara yín gan-an ni mo ń wá."

Ẹ̀rín dá wáí.

Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ ṣá? Kí lẹ fẹ́ fi ìdọ̀tí ara ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Ẹni tó bá gbé Èkó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. A kì í fún àjèjì ní aṣọ tó gba ara wa kọjá, a kì í fún un ní irun orí, a kì í fún un ní èékánná. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára débi pé aṣọ ti di aṣọ lásán lójú mi, n kò rántí pé ó lè di ẹ̀mí lójú ẹlòmíì.

Rájí já ẹ̀wù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Kò dá tuntun padà o. Ẹnì kan pariwo, "Aṣoògùn owó ni!" Kí n tó la ẹnu, àwọn tó ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀ ti yà wá. Ẹni tó ń pè mí ní Àǹtí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti ń pè mí ní "ìwọ yìí". Ẹnì kan gbá mi létí. Ẹlòmíì fa bùláòsì mi ya láti èjìká dé ìgbáyà.

"Tíátà ni mo ń ṣe! Aṣọ eré ni!"

"Tíátà? Fíìmù wo lo ti ṣe? Ta ló mọ̀ ẹ́?"

"Èmi kì í hàn síta. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹ̀yìn lòun máa ń wà!"

Bí mo bá jẹ́ òṣèré, bóyá ẹnì kan ì bá ti mọ ojú mi. Àwa tí à ń wọ̀ wọ́n láṣọ kò ní ojú. Mo gbọ́ kedere nígbà tí ẹnì kan ní, "Ẹ lọ wá táyà wá."

Onílé-ìtajà ṣọ́bìrì ló wọ àárín. Alàájì Sàláwù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ó ti pẹ́ tó ti ń tajà ní Okokomaiko. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa èèyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ?"

"Ọ̀gá mi ni, sà."

"Pè é. Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo pè é. Alàájì gba fóònù, ó gbé e sókè kí ohùn lè dé etí gbogbo èèyàn. Ọ̀gá gbé e.

"Ọ̀gá, Morẹ́nikẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn èèyàn dì mí mú ní Okokomaiko. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ rán mi wá gba aṣọ. Wọ́n ní aṣoògùn owó ni mí."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣi nọ́ńbà pè," ló wí, ó sì pa á.

Ariwo sọ. Alàájì na ọwọ́ sókè, ó tún un pè fúnra rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, obìnrin kan wà níbí, ó ní ẹ̀yin lọ̀gá òun. Ẹ̀mí ló fẹ́ bọ́ yìí o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ obìnrin náà rí." Ìgbà tí a pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti pa fóònù rẹ̀.

Alàájì wò mí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá kúrò níwájú mi, ó ti parí nìyẹn.

Mo ní, "Alàájì, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi hàn yín. Ẹyọ ẹ̀wù kan péré. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ohun tó bá wù yín."

Mo fa ẹ̀wù tuntun kan yọ nínú àpò. Mo tọrọ omi, ìyá olómi fa igbá rẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ ẹ́ bọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Mo ṣa òkúta símẹ́ǹtì kan nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, èjìká àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ́n kọnkéré ti ń kan lébìrà. Mo fún un, mo yí i nínú yẹ̀pẹ̀, mo fi símẹ́ǹtì tó dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù pa á lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níka mi. Mo ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, bí olùkọ́ tó wà níwájú kíláàsì: ibí yìí ni okùn ti ń gé e, ibí yìí ni ẹ fi ń nu ojú. Ariwo ń rọlẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn lébìrà ní, "Lóòótọ́ o, ibẹ̀ gan-an ni mo fi ń nu ojú."

Alàájì gbà á. Ó gba ti Rájí náà, ó fi méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn, ó pààrọ̀ wọn, ó gbé wọn síta. "Rájí, èwo ni tìẹ?"

Rájí wò wọ́n títí. Ó nawọ́ sí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ẹ̀rín bú sọ. Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá mi. Àwọn kan ṣì ń kùn bí wọ́n ti ń túká, ìyá olómi sì ní òun kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n àwọn lébìrà bọ́ aṣọ fún mi. Alàájì wá ọlọ́kadà tó mọ̀ fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ tó o ń ṣe dáa. Ẹni tó o ń bá ṣe é ni ò dáa."

Mo dé Ìbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọ àwọn òṣèré láṣọ pẹ̀lú ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí eré parí, Ọ̀gá Fọlárìn dìde níwájú àlejò ńlá rẹ̀, ó ní ìwádìí jinlẹ̀ ni ẹgbẹ́ òun fi rí àwọn aṣọ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo bi í ní kọ̀rọ̀ ìdí tó fi sẹ́ mi. Ó ní, "Àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé kí n wá sọ pé ẹni tí wọ́n mú fún oògùn owó, tèmi ni?" Bísọ́lá, òṣèré tó kó ipa ìyàwó awayanrìn, wà nítòsí nígbà tí ìpè náà wọlé. Ó ní òun rí ojú fóònù, orúkọ mi ló hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ dá mi dúró, wọ́n ní mo kúrò níbi iṣẹ́ láìgbàṣẹ, mo sì fẹ́ ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́.

Mo ṣì ń wọ òṣèré láṣọ, fún àwọn ẹlòmíì. N kò tọrọ ipò mi padà.

Ọ̀gá Fọlárìn, ẹ dáhùn: nígbà tí ẹ rí orúkọ mi lójú fóònù, kí lẹ rò pé wọ́n máa fi mí ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá pa á? Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ta nínú yín ló bi àwọn òṣèré ní ohun tí wọ́n gbọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó kọ "láìgbàṣẹ" síwájú orúkọ mi? Bí táyà yẹn bá sì ti dé ọrùn mi, tí ìyá mi wá béèrè mi lọ́wọ́ yín ní gbọ̀ngàn Ìbà, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ̀ bá wò ó lójú, kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ mí rí?